Kọ̀ǹpútà Rafíù ní Àárọ̀ Ìdánwò Ìyá Mi

Ọdún tí Ìyá Àgbà wá bá wa gbé ní Albany Park nílùú òyìnbó ni ilé wa pariwo jù. Àjà kẹta la wà nínú ilé bíríkì kan tí kò jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń gba orí ilẹ̀ kọjá láàárín àdúgbò. Agogo á dún, igi ìdènà á wálẹ̀, àwọn mọ́tò á tò. Bí agogo bá dákẹ́, irin tó ń mú ilé gbóná lábẹ́ fèrèsé á gbà á, á máa dún gbà, gbà, gbà, bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tó ti Ìsẹ́yìn wá bá wa láàárín òtútù, máa ń dá irin náà lóhùn. Á ní, "A ti gbọ́, a ti gbọ́," á sì padà sídìí tẹ̀sùbáà rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé, òórùn àkàrà ló máa ń jí mi, nítorí kò gbà pé mílíìkì tútù tó ohun tí wọ́n ń fún ọmọ jẹ. Iṣẹ́ tèmi nínú ilé ni kí n fọ abọ́, kí n gbálẹ̀, kí n sì máa túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n fún un. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Bí Yorùbá mi bá ta kókó, ṣe ni mo máa ń hun ọ̀rọ̀ tèmi sí àwọn ará tẹlifíṣọ̀n lẹ́nu. Ìyá Àgbà kò já irọ́ mi rí, tàbí kó jẹ́ pé ó já a, kò kàn sọ ni.

Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó sì ń kàwé láti di nọ́ọ̀sì. Kọ́ọ̀sì kan wà tó dá lórí oògùn, ó ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bí òun bá tún fìdí rẹmi, wọ́n á yọ orúkọ òun, ọdún méjì á sì ṣòfò. Mo gbọ́ Ìyá Àgbà náà lórí fóònù tirẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ń bá àbúrò rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìwé kí ni obìnrin ń kà tí irun rẹ̀ ti ń funfun? Àwọn ọmọ ló ń dá jẹun." Kò mọ̀ pé ìyá mi ti wọlé, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà òjò-dídì lẹ́sẹ̀. Èmi rí i. Ó gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó padà síta, ó tún ilẹ̀kùn ṣí kíkankíkan bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìkíni rẹ̀ ti gún régé ju bó ti yẹ lọ. "Ẹ kú ilé, Mà. Ẹ ṣé, Mà." Wọn kì í jà. Lójú tèmi, ìbá sàn kí wọ́n jà, kó tán. Bàbá mi kò rí nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀. Romeoville ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, bó bá sì délé, oúnjẹ àti oorun ló kù fún un.

Rafíù ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Kí Ìyá Àgbà tó dé, Rafíù lásán ni mò ń pè é. Ìyá Àgbà ló sọ ọ́ di dandan kí n máa pè é ní Bọ̀ọ̀dá Rafíù. Rafíù ní kọ̀ǹpútà kan tó fi ń ta gẹ́ẹ̀mù, òun fúnra rẹ̀ ló tò ó láti orí ẹ̀yà àlòkù tó ń kó jọ díẹ̀díẹ̀. Àpótí dúdú ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ gíláàsì, èèyàn á sì máa rí fáànù mẹ́ta nínú rẹ̀ tó ń yí pẹ̀lú iná aláwọ̀ búlúù àti pupa. Àtùpà Rafíù ni Ìyá Àgbà ń pè é. Bàbá mi kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ní òun ni kò jẹ́ kó ka ìwé. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò ìyá mi, láptọ́ọ̀pù ìyá mi já lulẹ̀, ojú rẹ̀ fọ́. Ìdánwò náà sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń ṣe nínú ilé lórí kọ̀ǹpútà, kámẹ́rà á máa wò ọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá pẹ̀lú rẹ, nítorí náà kò ṣeé gbé lọ sí láíbìrì. Kọ̀ǹpútà gẹ́ẹ̀mù tí gbogbo ilé ń bú ló kù. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, Rafíù gbé e kúrò ní kọ̀rọ̀ rẹ̀ ní pálọ̀, ó gbé e sí yàrá àwọn òbí wa, ó so kámẹ́rà mọ́ ọn, ó dán an wò. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìyá mi gbá a mọ́ra débi tí ojú fi tì í.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, ìyá mi wà ní láíbìrì tó ń kàwé, Rafíù kò tíì ti ilé ìwé dé. Ìyá Àgbà ní kí n gbé ìgbálẹ̀, kí a lọ tún yàrá náà ṣe, nítorí èèyàn kì í jókòó sínú eruku ronú. Ó ká aṣọ, ó nu fèrèsé, ó yí tábìlì kó má baà kọ ojú sí irin tó ń dún. Lẹ́yìn náà ló rí eruku nínú àpótí Rafíù, láti ẹ̀yìn gíláàsì. Síkírúù tó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò le, Rafíù máa ń fi ọwọ́ tú u ni. Ìyá Àgbà tú u. Mo sọ fún un pé Bọ̀ọ̀dá Rafíù kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan inú rẹ̀. Ó dáhùn pé kí lòun fẹ́ fi inú rẹ̀ ṣe, ìyàwó òun kò ní jókòó ti ìdọ̀tí kí ẹni tó ń wò ó nínú kámẹ́rà sọ pé ilé ọ̀lẹ ni. Mi ò tún sọ̀rọ̀ mọ́. Ó mú aṣọ tó rin, tó sì fún un dáadáa, ó ń nu ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń nu etí ọmọ tuntun. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà nínú rẹ̀ tó dúró lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò gùn ju ìka lọ púpọ̀. Ó fa ọ̀kan, ó yọ sí i lọ́wọ́. Àwa méjèèjì wo ara wa. Ó nu tibi-tọ̀hún rẹ̀, ó tì í padà sí àyè rẹ̀, ó ní, "Ó ti wọlé." Ó de gíláàsì náà padà. Mo ń wò ó pé orí kan pákó náà ga ju ìkejì lọ díẹ̀. Mo rí i. Ohun tí mo máa ń rántí jù nínú ọjọ́ yẹn nìyẹn, pé mo rí i, mo sì lọ fọ abọ́.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ ààbọ̀ láàárọ̀ Sátidé, àkàrà ti jinná, bàbá mi ti wà níbi iṣẹ́ láti ìdájí. Aago mọ́kànlá ni ìdánwò. Ìyá mi ti wẹ̀, ó ti wé ìborí rẹ̀ tó mọ́ jù. Rafíù wọ yàrá lọ tan kọ̀ǹpútà fún un, mo tẹ̀ lé e. Fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí. Iná búlúù tàn, iná pupa tàn. Ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ dúdú kirimú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kékeré kan fò kọjá lórí rẹ̀ pé òun kò rí ohunkóhun gbà, ó sì tún sùn. Rafíù rẹ́rìn-ín, ó ní wáyà ni. Ó yọ wáyà, ó tì í padà. Dúdú. Ó mú wáyà mìíràn láti ìdí tẹlifíṣọ̀n. Dúdú. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ fúnra rẹ̀ wá, ó so ó mọ́ ọn, ojú tẹlifíṣọ̀n náà sì di dúdú bákan náà. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bèèrè pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Rafíù sọ pé, "Mọ́mì, ó ń tàn, ṣùgbọ́n kò fi nǹkan kan hàn." Ìyá mi wo fáànù tó ń yí, ó wo ojú dúdú náà, ó ní, "Bó bá ń tàn, ṣé kò ti dáa nìyẹn?"

Mo mọ ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà náà. Mo sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá sọ ọ́. Ìyá mi, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ irun funfun létí ara rẹ̀, kò ní gbà láé pé eruku lásán ni Ìyá Àgbà ń nù. Á ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bàbá mi á ní láti yan ẹni tí yóò gbà gbọ́ láàárín ìyá àti ìyàwó. Nínú ọpọlọ ọmọ ọdún mọ́kànlá, mo ti rí Ìyá Àgbà tó ń di ẹrù rẹ̀, mo ti rí ìyá mi nínú ilé mìíràn, mo ti ń ronú ilé tí èmi yóò máa sùn ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó ń bọ̀ wá yé mi nísinsìnyí pé àwọn ọmọdé kì í bẹ̀rù ohun kékeré. Ohun tí wọ́n bá bẹ̀rù, ìparun ayé ni.

Rafíù tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ó gbé àpótí náà dùbúlẹ̀, ó tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin kó má baà ta iná sí i, nítorí nínú òtútù yẹn, kàpẹ́ẹ̀tì wa máa ń mú kí ọwọ́ ta iná lára gbogbo nǹkan. Ó yọ káàdì ńlá tó ń gbé àwòrán jáde, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dá a padà. Dúdú. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ, ẹni yẹn kò gbé fóònù. Ó yọ bátìrì rubutu kan tó dà bí owó ẹyọ, ó kà dé ọgọ́ta, ó tún un fi sí i. Dúdú. Bàbá mi pè lásìkò ìsinmi rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án. Aago mẹ́sàn-án kọjá, ààbọ̀ kọjá. Ìyá mi pe ilé ìwé, ẹ̀rọ ló ń dáhùn pé wọn kì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Bí èèyàn bá sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pẹ́, ojú ìwé ìdánwò náà á tì. Nígbà tó yá, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Láti ilé ìdáná, Ìyá Àgbà bèèrè bóyá kí òun gbé ẹ̀kọ wá fún ìyàwó òun. Ìyá mi ní, "Ẹ ṣé, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dúró ná." Ìyá Àgbà rò pé Rafíù ń tún nǹkan ṣe gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń sọ gbogbo wàhálà náà, kò sì sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Èmi ni olùtumọ̀. Mi ò túmọ̀.

Aago mẹ́wàá kù díẹ̀ ni Rafíù gbé orí sókè. Òógùn wà lójú rẹ̀ nínú òtútù. Ó ní ó ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, kò sí bí yóò ṣe dá bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Ó yíjú sí mi. "Kúbúrá, mi ò ní bínú. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án, sọ ibi tó kàn fún mi, torí mi ò mọ ibi tí mo máa wò mọ́." Ìyá mi náà yíjú sí mi. Mo gbọ́ ariwo síbí Ìyá Àgbà nínú ìkòkò.

Mo ní, "Èmi ni. Mo fi aṣọ tútù nu inú rẹ̀ lánàá. Mo yọ eléyìí." Mo na ìka sí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ náà.

Rafíù kò bú mi. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. RAM ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó bá ń rò lọ́wọ́ sí, bí kò bá sì jókòó dáadáa, ẹ̀rọ náà á jí, kò ní mọ ohun tó kàn. Rafíù ti wò ó tẹ́lẹ̀, ó rò pé ó wà láyè rẹ̀. Ó yọ ọ́. Fọ́nrán òwú funfun kan wà nínú ihò náà, láti ara aṣọ tí Ìyá Àgbà lò. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìkun-àwòrán mi fà á jáde. Ó mú rọ́bà ìpàwérẹ́ láti inú báàgì ilé ìwé mi, ó fi nu etí pákó náà níbi tó ti ń dán bíi góòlù, ó fẹ́ ẹ, ó tì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò méjèèjì títí tí a fi gbọ́ "kán" ní orí kan, "kán" ní ìkejì. Ó tan án. Fáànù yí, iná tàn, ojú mọ́nítọ̀ dúdú. Ìyá mi bo ojú. Kọ̀ǹpútà náà pa ara rẹ̀, ó tún tan ara rẹ̀. Ó ṣì dúdú. Mò ń ka ìró irin abẹ́ fèrèsé, mo ti ka mọ́kàndínlógójì nígbà tí nǹkan funfun kan ṣẹ́jú láàárín mọ́nítọ̀, tí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í tò wálẹ̀. Rafíù jókòó sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gé okùn rẹ̀.

Kò tíì tán. Nítorí bátìrì tó yọ, kọ̀ǹpútà náà rò pé ọdún tó ti pẹ́ sẹ́yìn la wà, ojú ìwé ìdánwò sì kọ̀ láti ṣí fún un. Ìyẹn náà gba àkókò kó tó yé Rafíù. Ó ṣàtúnṣe ọjọ́ àti aago, ojú ìwé ṣí, kámẹ́rà rí ojú ìyá mi. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago mọ́kànlá lù. Ìyá mi ní kí a jáde. Kó tó ti ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó ní, "A ó sọ̀rọ̀." Ìbá gbá mi létí, ìbá tẹ́ mi lọ́rùn.

Wákàtí méjì ààbọ̀ la fi jókòó ní ilé ìdáná láìpariwo. Nígbà tó jáde, ìyá mi ní òun kò mọ bó ṣe lọ. Ó bá mi sọ̀rọ̀ lóòótọ́, kò pariwo. Ó ní òun rò pé èmi ni òun lè fi ẹ̀yìn tì nínú ilé yìí. Bàbá mi náà sọ tirẹ̀ nígbà tó dé, ó sì ní kí n má ṣe wo tẹlifíṣọ̀n fún oṣù kan. Ìyá Àgbà bi mí pé kí ló dé tí ojú mi wú. Mo ní orí ló ń fọ́ mi. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó gbóná rọ mí lórí, mo sì ń ronú pé mo kórìíra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ̀rù bà mí pé mo ronú bẹ́ẹ̀. Sọ́ńdè àti Mọ́ńdè, bí ẹnikẹ́ni bá ti pe orúkọ mi, mo máa ń rò pé àṣírí ti tú ni.

Lọ́sàn-án Túsìdeè ló tú. Rafíù ń gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà sí kọ̀rọ̀ rẹ̀, Ìyá Àgbà sì bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni àtùpà náà ṣe gan-an ní Sátidé tí gbogbo èèyàn fi fajú ro. Rafíù fi Yorùbá tirẹ̀ tó ń wọ́lẹ̀ ṣàlàyé pé Kúbúrá ló fi aṣọ tútù nù ún, tó yọ pákó yìí, tó sì kù díẹ̀ kí Mọ́mì má lè ṣe ìdánwò rárá. Mo wà ní ilé ìdáná, mo gbọ́. Ìyá Àgbà ní, "Kúbúrá?" Rafíù ní bẹ́ẹ̀ ni. Tẹ̀sùbáà Ìyá Àgbà kò dún títí bàbá mi fi dé.

Lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì, Ìyá Àgbà ní kí gbogbo wa jókòó. Ó wà lórí àga, ìyá mi sì jókòó sórí kàpẹ́ẹ̀tì níwájú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Rafíù, èmi ni mo nu nǹkan yẹn. Ọmọ yìí kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Ọwọ́ mi ló yọ ọ́, ọwọ́ mi ló tì í padà. Mo fẹ́ kí yàrá mọ́ fún ọ ni. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi." Bàbá mi ti fẹ́ bomi pa á, ó ní, "Màmá, ó ti tán." Ìyá Àgbà ní kò tíì tán. "Mo ti sọ̀rọ̀ ìwé rẹ láìdáa nínú ilé yìí, ìyàwó mi. Mo sì mọ̀ pé o gbọ́, nítorí ìgbà tí o tún ilẹ̀kùn yẹn ṣí, òjò dídì ti yọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí o bá rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ ni, mi ò lè dá ọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n má fi ìyà rẹ̀ jẹ ọmọ."

Mo ń wo ojú ìyá mi bí mo ṣe wo mọ́nítọ̀ dúdú yẹn. Ó wá ní, "Mo rí i pé wọ́n ti nu fèrèsé, Mà. Mo rí i pé wọ́n ti yí tábìlì kúrò lọ́dọ̀ irin. Ẹni tó bá fẹ́ kí n fìdí rẹmi kò ní yí tábìlì." Ó yíjú sí mi, ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi parọ́ mọ́ ara mi. Mo ní mo rò pé ilé wa máa tú ká ni. Ìgbà yẹn ni omi dé ojú rẹ̀, kì í ṣe ṣáájú. Bàbá mi ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé tí kò mọ ìgbà tí wọ́n kọ́ ilé tó bá. Ìyá Àgbà ní kí n súnmọ́ òun. Ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àṣàkẹ́, má bínú sí mi." Mi ò gbọ́ kí àgbàlagbà sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé rí, mi ò sì mọ èsì rẹ̀ ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo kúnlẹ̀, nítorí ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Èmi tí mo rò pé orí mi ló gbé òrùlé dúró. Àwọn àgbà ilé wa lágbára ju bí mo ṣe rò lọ, ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tó ti bi wọ́n léèrè ni.

Èsì ìdánwò jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí bàbá mi kò lọ síbi iṣẹ́. Ìyá mi jáde láti yàrá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ti wọ aṣọ iṣẹ́. Bàbá mi dìde, ó na apá méjèèjì. Ìyá mi kọjá lára rẹ̀, ó kọjá lára èmi àti Rafíù, ó lọ tààrà sí ilé ìdáná, níbi tí Ìyá Àgbà ti ń bó ẹ̀wà nínú omi. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó tutù. "Mà, mo yege." Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè kúrò nínú omi, ó kọ́kọ́ wò wọ́n bóyá kó nù wọ́n. Kò nù wọ́n. Ó fi méjèèjì di orí ìyá mi mú, ó ń ṣàdúrà, omi ń kán sí ìborí rẹ̀. Bàbá mi ṣì na apá sí afẹ́fẹ́ ní pálọ̀. Nígbà tí ìyá mi jáde lọ síbi iṣẹ́, èèpo ẹ̀wà kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìborí rẹ̀, lókè etí. Gbogbo wa rí i. Kò sí ẹni tó sọ fún un.